Bí A Ṣe Ń Fi RV Pàgọ́ Nínú Igbó Ìjọba Àpapọ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà

Ìdílé Yorùbá tí ó ń gbé ní Houston tàbí ní Atlanta kò jìnnà sí igbó ńlá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ọdún mẹ́wàá ní àwọn ìlú náà láì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà I-45 láti Houston sí ìhà àríwá, nǹkan bíi wákàtí kan ni yóò fi wọ igbó Sam Houston, tí igi páìnì rẹ̀ ga fíofío lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni igbó náà, gbogbo ènìyàn ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti wọ̀ ọ́. Mo kọ àlàyé yìí fún ẹni tí ó fẹ́ kó ẹbí rẹ̀ lọ sùn nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a kọ́ ilé sí, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní RV. Iṣẹ́ tí ó wà nínú ìrìn àjò yìí pọ̀ nílé ju inú igbó lọ. Ẹni tí ó bá ti mọ gígùn ọkọ̀ rẹ̀, ìwúwo rẹ̀, iye iná tí ó ń jẹ àti iye omi tí ó lè gbé kí ó tó kúrò nílé, tí ó sì ti wá ààyè tí ó bá a mu, ni yóò ní ìsinmi níbẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ibi tí à ń lọ. Ọgbà orílẹ̀-èdè àti igbó ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ inú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn ọgbà orílẹ̀-èdè wà. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn ni Forest Service, àjọ tí ń bójú tó igbó ìjọba àpapọ̀, wà, nítorí náà wọ́n ń gé gẹdú nínú àwọn igbó wọ̀nyí, àwọn ọdẹ ń ṣọdẹ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun abẹ́ igi. Ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ igbó tí ó wà ní Gúúsù jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn agégẹdú ti gé tán, tí ìjọba wá rà lẹ́yìn tí òfin Weeks ti ọdún 1911 fún un láṣẹ láti rà á. Láàárín ọdún 1933 sí 1942, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ẹgbẹ́ CCC, tí ìjọba gbà síṣẹ́ nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, gbin igi sí i, wọ́n sì kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ibùdó tí a ṣì ń sùn sí lónìí. Àwọn ni wọ́n kọ́ Double Lake ní Sam Houston ní ọdún 1937, àwọn náà ni wọ́n kọ́ Juniper Springs ní igbó Ocala ní Florida. Ìtàn yìí kan ẹni tí ó ń wa RV gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé nígbà tí a la ọ̀nà inú ọ̀pọ̀ ibùdó bẹ́ẹ̀, kò sí ọkọ̀ ilé tí ó gùn tó ti òde òní. Ọ̀nà wọn há, ìkọ̀rọ̀ wọn mú, igi sì dúró gbọin níbi tí èjìká ọkọ̀ gígùn yóò ti gbá a.

Yíyan ọkọ̀

Ọ̀nà méjì gbòógì ni RV pín sí. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnnì tiwọn, a sì ń wà wọ́n bí bọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn jẹ́ ilé onítáyà tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, tí a ń pè ní trailer, kì í ṣe trélà akẹ́rù tí a mọ̀ nílé. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí ni pé kí ó má rà á, kí ó yá a fún ọjọ́ mẹ́ta. Fún ìrìn àjò àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Class C, tí ibùsùn kan yọrí sókè orí awakọ̀, ni ó rọrùn jù fún ìdílé tí ó ní ọmọ. Ní Texas, ìwé ìwakọ̀ tí gbogbo wa ní tó láti wà á, níwọ̀n ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá ti dé 26,001 pọ́ùn.

Ẹni tí yóò bá fa trailer ní ìṣirò láti ṣe. Ìwúwo tí ọkọ̀ yín lè fà wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Ìwúwo tí trailer kò gbọdọ̀ kọjá, tí a ń pè ní GVWR, wà lára bébà tí a lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Nínú gbogbo ìwúwo trailer náà, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yẹ kí ó tẹ orí ìkọ́ tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bí trailer bá wúwo tó 5,000 pọ́ùn, 500 sí 750 ni kí ó bọ́ sórí ìkọ́ náà. Bí iwájú bá fúyẹ́ jù, trailer yóò máa ju ìrù sí ọ̀tún àti sí òsì lójú ọ̀nà, irú èyí ni ó sì ń da ọkọ̀ dojú dé. Nítorí náà, ẹ má ṣe kó iṣu, kúlà ẹran àti kẹ́ẹ̀gì omi jọ sí ìdí trailer. Iwájú táyà ni kí ẹrù wíwúwo wà. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gálọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́ùn 8 lọ, ìyẹn ni pé táǹkì omi gálọ́ọ̀nù 40 tí ó kún yóò fi ohun tí ó ju 330 pọ́ùn kún ẹrù yín. Bí omi bá wà ní ibùdó tí ẹ ń lọ, ìwọ̀nba díẹ̀ ni kí ẹ gbé dání.

Wíwá ààyè àti ìgbà tí ó dára

Orí ìkànnì Recreation.gov ni a ti ń gba ààyè ní púpọ̀ nínú àwọn ibùdó wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ṣí ìwé sílẹ̀ ní oṣù 6 ṣáájú. Ẹ má ṣe wo àwòrán nìkan. Lábẹ́ ààyè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ gígùn ọkọ̀ tí ó lè wọ ibẹ̀, bóyá iná wà níbẹ̀ àti irú èyí tí ó jẹ́, bóyá omi wà, bóyá ihò ìdọ̀tí wà, àti bóyá ẹ̀yìn ni a ó fi wọlé. Bí wọ́n bá kọ ẹsẹ̀ bàtà 28, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 32 lọ pẹ̀lú ìrètí pé yóò fara gbà. Ní Sam Houston, ibùdó Cagle tí ó wà létí adágún Conroe ni mo máa ń darí ẹni tuntun sí, nítorí pé iná, omi àti ihò ìdọ̀tí wà ní ààyè kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gbàgbé ohun kan kò jìnnà sí ìlú.

Ohun kan wà tí ó máa ń kọ lu ìdílé wa. Lọ́pọ̀ ibùdó, ènìyàn 8 àti ọkọ̀ 2 ni òfin gbà lórí ààyè kan. Bí ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àwọn ọmọ wọn àti àwọn òbí bá ń bọ̀, ẹ gba ààyè méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, tàbí kí ẹ wá ààyè ńlá tí a yà sọ́tọ̀ fún èrò púpọ̀. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ dé aago mẹ́fà òwúrọ̀, ariwo kò gbọdọ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ kò sì gbọdọ̀ dún. Bàbá tàbí Màmá tí ó bá ti pé ẹni ọdún 62, tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tàbí tí ó ní ìwé ìgbélùú títí ayé, lè ra káàdì àgbà ní dọ́là 20 fún ọdún kan tàbí dọ́là 80 títí ayé, káàdì náà sì ń dín owó ààyè kù sí ìdajì ní ọ̀pọ̀ ibùdó, bí ẹni tí ó ni káàdì bá wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ibùdó, a lè sùn nínú igbó gbalasa lọ́fẹ̀ẹ́, fún bí ọjọ́ 14 lọ́pọ̀ ibi. Kò sí omi, iná tàbí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, ojú ọ̀nà tí máàpù ọkọ̀ ti Forest Service sì fọwọ́ sí nìkan ni ọkọ̀ lè gbà. Mi ò gba ẹni tuntun níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ní Texas, ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nìkan ni a ti lè pàgọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìgbà, oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹrin ni ó dára jù fún ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀, bíi Sam Houston, Kisatchie ní Louisiana, De Soto ní Mississippi àti Ocala. Ooru oṣù Keje níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọdé sùn bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù. Fún orí òkè, bíi Chattahoochee ní Georgia àti Nantahala pẹ̀lú Pisgah ní North Carolina, oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá ni, nítorí pé wọ́n máa ń ti ọ̀pọ̀ ibùdó òkè ní ìgbà òtútù.

Lójú ọ̀nà

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà ní òwúrọ̀, kí ó tó gbóná. Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn lẹ́yìn DOT lára táyà ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Ogbó àti oòrùn ni ó ń pa ọ̀pọ̀ táyà trailer, kí ó tó jẹ́ ìrìn. Ẹ kọ gíga ọkọ̀ yín sórí bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ síwájú awakọ̀, nítorí pé afárá kúkúrú àti òrùlé ilé epo ni ó ń ya orí RV. Ẹ ti gáàsì ìdáná pa kí ẹ tó gbéra. Máìlì 60 ní wákàtí kan tó, ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń sáré kọjá.

Ẹ rí i pé ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí ẹ bá dé

Kí awakọ̀ tó wọlé, kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó rìn yí ààyè náà ká, kí ó sì gbójú sókè wò bóyá ẹ̀ka gbígbẹ kan rọ̀ sórí ibi tí ẹ fẹ́ sùn. Bí ó bá ń fi ẹ̀yìn wọlé, kí ẹnì kan dúró níbi tí awakọ̀ ti lè rí i nínú dígí. Bí awakọ̀ kò bá rí i mọ́, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ́ pátákó sábẹ́ táyà títí ilẹ̀ ọkọ̀ yóò fi tẹ́jú, kí ẹ sì fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn kí ẹ tó tú trailer kúrò lára ọkọ̀.

Iná ni ó kàn, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Òpó kúkúrú kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ààyè, tí ojú ìná wà lára rẹ̀. Ẹ pa súwìtì rẹ̀ ná. Ẹ fi ẹ̀rọ tí ń dènà iná àpọ̀jù kì í, kí ẹ tan súwìtì, kí ẹ sì wo àmì rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òpó náà dára; ẹ pa á padà, kí ẹ fi wáyà ọkọ̀ yín kì í, kí ẹ tó wá tàn án. Ojú ìná ọlọ́gbọ̀n ámpù, 30, ń gbé wáàtì 3,600. Èyí tí ó jẹ́ 50 ń gbé 12,000, nítorí pé ìlà iná méjì ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Lórí 30, ẹ̀rọ amúlétutù kan lè máa jẹ nǹkan bí 1,500, kẹ́tù omi gbígbóná a jẹ 1,500 mìíràn, bí ẹnì kan bá sì tan máíkírówéfù láti mú mọ́ínmọ́ín gbóná, gbogbo iná ọkọ̀ yóò lọ. Nítorí náà, gáàsì ni kí ẹ fi se oúnjẹ, kí ẹ sì lọ ata yín láti ilé. Bí ẹ bá ń lo jẹnẹrétọ̀, ìta ni kí ó wà, jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì tẹ ẹ̀rọ tí ń ké bí èéfín olóró bá wọlé wò lálẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sùn. Èéfín yẹn kò ní òórùn, ó sì ń pa ìdílé lójú oorun.

Fún omi, páìpù funfun tí a ṣe fún omi mímu ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí a fi ń bomi rin òdòdó. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tí ń dín agbára omi kù sí ẹnu ẹ̀rọ omi, nítorí pé omi tí ó bá ń tì ju ìwọ̀n lọ a máa bẹ́ páìpù inú ògiri RV.

Ìdọ̀tí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa èyí, òun sì ni ó ń ba ìrìn àjò jẹ́ jù. Táǹkì ìdọ̀tí méjì ni RV ní. Èkíní ń gba omi ìwẹ̀ àti omi àwo, èkejì ń gba ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ẹ bá so páìpù mọ́ ihò ìdọ̀tí ní ààyè yín, ẹ jẹ́ kí ẹnu táǹkì ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní títì títí yóò fi kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí ẹ bá ṣí i sílẹ̀, omi yóò ṣàn lọ, èyí tí ó le yóò sì jókòó sílẹ̀, yóò gbẹ bí amọ̀. Mo ṣe àṣìṣe yìí ní ìrìn àjò wa àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó wà ní ṣíṣí, ó sì gbà mí ní wákàtí méjì láti da omi sí i títí ó fi tú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù omi díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ lo bébà tí ó ń tètè yọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ju ohun mìíràn sí i.

Nígbà tí ó bá tó láti dà á, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ so páìpù náà le, ẹ ṣí ti ìgbọ̀nsẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ jẹ́ kí ó dà tán, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ṣí ti omi ìwẹ̀, kí ó lè fọ inú páìpù fún yín. Páìpù omi tí ó bá wà níbi tí a ti ń da ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ kan páìpù omi mímu yín láé. A kò gbọdọ̀ da omi àwo pàápàá sílẹ̀ nínú igbó.

Iná, ẹranko àti ojú ọjọ́

Bí ẹ bá rí èéfín láàárín igi páìnì ní oṣù Kejì tàbí Kẹta, ẹ má ṣe kọ́kọ́ sá. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ igbó ni wọ́n ń sun koríko, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń sungbó nílé, nítorí pé igi páìnì ilẹ̀ yìí nílò iná náà, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹyẹ àkókó kan tí ń gbẹ́ ihò sára páìnì tí ó ṣì wà láàyè. Ẹ máa wo àkọlé lójú ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè ní ọ́fíìsì igbó. Iná tiyín, inú àgbá irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nìkan ni kí ẹ dá a sí. Ẹ má ṣe gbé igi ìdáná láti ilé, nítorí pé kòkòrò tí ń pa igi máa ń bá a rìn. Ẹ rà á nítòsí ibùdó. Kí ẹ tó sùn, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ̀yìn ọwọ́ yín kò fi ní mọ ooru mọ́ lórí rẹ̀.

Béárì pọ̀ ní Ocala, ní Chattahoochee àti ní Nantahala, imú rẹ̀ sì mú ju ti ajá lọ. Oúnjẹ tiwa sì ń ta sánsán: irú, pánla, edé, ẹja gbígbẹ. Ẹ má ṣe fi ìkòkò tàbí kúlà sílẹ̀ lórí tábìlì ní alẹ́. Inú ọkọ̀ tí a tì ni kí gbogbo rẹ̀ wà, kí ẹ sì gbé pàǹtírí lọ sínú àpótí ibùdó kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nì wà nínú omi Florida, Louisiana àti ìlà-oòrùn Texas, nítorí náà ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìwẹ̀ nìkan ni kí àwọn ọmọ ti wẹ̀, ní ọ̀sán.

Síbẹ̀, kòkòrò kékeré ni mo ń bẹ̀rù jù, ìyẹn eégbọn. Irú kan tí abo rẹ̀ ní àmì funfun lẹ́yìn pọ̀ káàkiri Gúúsù, ìbùjẹ rẹ̀ sì lè sọ ara ènìyàn di èyí tí kò gba ẹran màlúù, ẹran ewúrẹ́ tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè jẹ ẹran ní alẹ́, kí ara rẹ̀ wú ní wákàtí 2 sí 6 lẹ́yìn náà, kí èémí sì fẹ́ẹ̀ dí mọ́ ọn nínú. Ẹ fi oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní permethrin fọ́n aṣọ àti bàtà yín, kì í ṣe ara. Ara ni a ń fi oògùn tí ó ní DEET pa. Ní gbogbo alẹ́, ẹ yẹ ẹ̀yìn etí, abíyá, itan àti orí àwọn ọmọ wò. Bí ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ awọ ara tímọ́tímọ́, kí ẹ fà á yọ tààrà.

Òjò kò ṣeé fojú di. Ní òru ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2010, odò Little Missouri nínú igbó Ouachita ní Arkansas kún lójijì, ó bo ibùdó Albert Pike mọ́ àwọn ènìyàn lójú oorun, ènìyàn 20 sì kú. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ ọ̀pọ̀ àfonífojì bẹ́ẹ̀. Ẹ ra rédíò ojú ọjọ́ tí ń lo bátìrì, ẹ gbé máàpù sórí fóònù kí ẹ tó gbéra, ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ wà àti ọjọ́ tí ẹ ó padà, kí ẹ sì mọ ọ̀nà tí ó lọ sórí ilẹ̀ gíga ní alẹ́ àkọ́kọ́. Láti oṣù Kẹfà dé òpin oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle láti orí òkun.

Ohun tí ẹ lè ṣe níbẹ̀

Ọ̀nà ẹsẹ̀ Lone Star, tí ó gùn ju máìlì 120 lọ, la Sam Houston kọjá, ẹ sì lè mú máìlì méjì péré nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ní àsìkò ọdẹ, kí gbogbo yín wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn títàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ pẹja nílò ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò nílò rẹ̀ ní Texas. Bí mo bá ní ànfàní ìrìn àjò kan ṣoṣo, Ocala ni n ó lọ. Ìsun omi Juniper, Alexander àti Silver Glen ń tú jáde láti inú òkúta abẹ́ ilẹ̀, wọ́n mọ́ gaara, ìwọ̀n 72 Fahrenheit ni omi wọn sì máa ń wà lójoojúmọ́, nínú òtútù àti nínú ooru. Ẹni tí ó bá ti rí ìsun omi bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìdí tí àwọn bàbá wa kò fi í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú orísun odò.

Ọjọ́ ìpadà

Ẹ da ìdọ̀tí, ẹ tú omi, ẹ pa iná lórí òpó kí ẹ tó yọ wáyà. Ẹ ti gáàsì, ẹ ti fèrèsé òrùlé, ẹ ká àtẹ̀gùn sókè. Ẹ so trailer, ẹ so ṣéènì méjèèjì, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wo iná bírékì àti iná ìyapa. Igi tí ẹ fi há táyà ni kí ó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí kò wa ọkọ̀ rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, kí ó fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kà á. Bí ẹ bá ti rin nǹkan bíi máìlì 50, ẹ yà sí ibi ìsinmi, kí ẹ fi sípánà tún nọ́ọ̀tì táyà mú, kí ẹ sì na ọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan: èyí tí ó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni bírékì rẹ̀ tàbí bẹ́árìnì rẹ̀ ń fẹ́ àtúnṣe.